Etí Òsì Ìyá Ọkọ Mi

Yàrá ìyá ọkọ mi ní Surulere máa ń rùn káńfọ̀ pọ̀ mọ́ aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Kò sí ìgbà tí mo wọ ibẹ̀ tí òórùn yẹn kò kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni pé ó fẹ́ bi mí léèrè ohun tí mo wá ṣe. Bẹ́ẹ̀dì onírin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ́ bí ẹni pé ẹnìkankan kò sùn lórí rẹ̀ rí, kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún, ìwé orin ìjọ lórí tábìlì kékeré, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri ilé kejì, débi pé ọ̀sán gangan ni a ṣì máa ń tan iná níbẹ̀. Olùkọ́ àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku, ẹni tó máa ń dúró ṣánṣán bí òpó nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń tẹ̀. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀rù wọn sì ń bà mí ju bí mo ṣe lè sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà lọ.

Nígbà tí ọkọ mi ríṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó ní kí n kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ ìyá òun títí ìwé tèmi yóò fi jáde. Ó ní kò ní pẹ́, èmi náà sì gbà pé kò ní pẹ́. Mo ń lọ síbi iṣẹ́ ní Yaba láàárọ̀, mo ń padà ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti Mọ́mì á jọ jẹun láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. “Ìyàwó” ni wọ́n ń pè mí. Wọn kì í bú mi, wọn kì í sì yìn mí. Tí mo bá fọ abọ́ tán, wọ́n á gbé e sójú iná wò, wọ́n á sì tún un gbé kalẹ̀. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni oyún tí ọkọ mi fi sílẹ̀ sí mi nínú bàjẹ́. Mọ́mì tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n mú mi padà wálé, wọ́n se ọbẹ̀ ẹja tútù fún mi, wọn kò sì sọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀ mọ́. Ó pẹ́ gan-an tí mo fi ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn sí wọn lọ́rùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni àìsàn náà kọ́kọ́ ṣojú mi. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wà ní kíṣìnì tí mo ń dín dòdò, ni mo gbọ́ tí nǹkan wó lulẹ̀ nínú yàrá wọn. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, orí ilẹ̀ ni mo bá wọn, gèlè ti tú, wọ́n fi apá méjèèjì di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tí odò fẹ́ gbé lọ. Wọ́n di ojú wọn pinpin, òógùn sì ti bo gbogbo iwájú orí wọn.

“Má fọwọ́ kàn mí,” ni wọ́n wí. “Ilé ń yí.”

Mo ní, “Mọ́mì, ilé ò yí o. Orí ilẹ̀ lẹ wà.”

“Mo mọ̀ pé kò yí. Ṣùgbọ́n ó ń yí.”

Wọ́n bì, wọ́n tún bì, títí kò fi sí ohun tó kù nínú wọn ju omi kíkorò lọ. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí wọn lábẹ́ àgbọ̀n, mo fi aṣọ tútù nu ọrùn wọn, mo sì ń gbóòórùn dòdò tó ń jóná ní kíṣìnì ṣùgbọ́n mi ò lè dìde. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí ilé tó dúró fún wọn. Wọ́n wá dìde, wọ́n wẹ̀, wọ́n tún gèlè wé bí ẹni tó fẹ́ jáde, wọ́n ní ibà ni, wọ́n sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe ibà. A lo oògùn ibà, a lo ti táífọ́ọ̀dù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n yẹ ojú wò. Nǹkan náà á lọ fún ìgbà díẹ̀, á tún padà dé bí olè tó ti mọ ọ̀nà ilé. Etí òsì ni yóò kọ́kọ́ di, bí ìgbà tí omi bá wọ èèyàn létí. Yóò wá máa hó. Wọ́n ní ó dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ní òpópó kejì. Lẹ́yìn náà ni òòyì yóò gbé wọn. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbé wọn, ìgbọ́ràn etí yẹn á dín díẹ̀ sí i. Mọ́mì kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí pé orin kíkọ gba kéèyàn dìde dúró, wọn kò sì fẹ́ kí ìjọ rí àwọn nílẹ̀. Wọn kì í sọdá títì mọ́. Nínú ilé pàápàá, mo máa ń rí i tí wọ́n ń fi ìka kan tọ ògiri lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n mọ̀ pé ògiri ló ń mú àwọn rìn. Obìnrin tó ń gbé òkè wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ní irú àìsàn báyìí kì í ṣe ojú lásán. Mi ò mọ̀ pé Mọ́mì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó, sọ fún un pé etí ló ń dùn mí, kì í ṣe ayé,” ni wọ́n wí.

Mọ́mì fúnra wọn ló ti fura sí etí ṣáájú gbogbo àwọn tó ń tọ́jú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n darí wa sí dókítà etí kan ní apá Mushin, ọkùnrin tí kò lè ju ọkọ mi lọ lọ́jọ́ orí, tó máa ń jókòó sún mọ́ aláìsàn kó tó sọ̀rọ̀. Ó fi nǹkan sí wọn létí, ó ní kí wọ́n gbọ́ ohùn, ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, ó yí orí wọn, ó sì ń wo bí ẹyinjú wọn ṣe ń fò. Ó ní, “Màmá, ibi tí a fi ń gbọ́ràn àti ibi tó ń jẹ́ ká lè dúró láìṣubú, inú ihò eegun kan náà ni wọ́n wà, omi kan náà ló sì wà nínú wọn. Omi ti etí òsì yín ti pọ̀ jù. Tó bá ti kún, òòyì dé nìyẹn.”

Ó ní kí a dín iyọ̀ kù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí se ọbẹ̀ tí kò ní adùn kankan, èmi náà ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn. Ó fún wọn ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́ tó, ó gún wọn lábẹ́rẹ́ gba inú ìlù etí kọjá. Ó rọ̀ wọ́n díẹ̀, a ti ń dúpẹ́, ni òòyì bá tún padà, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni dókítà dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Ó ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti lè gé iṣan òòyì nìkan kí wọ́n dá ti ìgbọ́ràn sí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ ni wọ́n máa gbà wọlé, ọkàn Mọ́mì kò sì lágbára tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí òun lè ṣe ni kí òun gba ẹ̀yìn etí, kí òun gbẹ́ eegun ibẹ̀, kí òun kó gbogbo ohun tó ń fa òòyì kúrò pátá.

Mọ́mì bi í pé, “Ìgbọ́ràn tó kù níbẹ̀ ńkọ́?”

“Yóò bá a lọ, mà. Etí òsì kò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́ láéláé.”

“Rárá,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dìde.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi, nítorí ohun tó kù ní etí náà kò pọ̀ mọ́. Ìgbà tí a délé ni wọ́n tó sọ ọ́, wọn kò wo ojú mi. Láti ìgbà tí fóònù ti dé ọwọ́ wọn, etí òsì ni wọ́n fi ń gbé e. Ohùn ọmọ wọn ti tín-ín-rín níbẹ̀ báyìí, wọ́n ní ó dà bí ti ẹni tó wà nínú ìkòkò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ń gbà wọlé. Mo ní kí wọ́n gbé e sí ọ̀tún. Wọ́n ní àwọn ti gbìyànjú rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún bí ti àlejò.

Ọjà Ìpọ̀nrí ló yí ọkàn wọn padà. Òòyì kò tíì wá fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn yan ẹja, mo sì bá wọn lọ. Mo dúró lọ́dọ̀ àwọn aláta, wọ́n bọ́ síwájú díẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, èèyàn ti pé lé wọn lórí. Ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n ṣubú sí, ìdajì ìró wọn ti wọ inú omi dúdú, wọ́n ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀ tí wọ́n wà lórí rẹ̀. Wọ́n bì sára. Ẹnìkan ní, “Ìyá yìí ti mu yó láàárọ̀ kùtù.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ti yọ fóònù, ó ń ya fídíò. Mo ti ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo fi àyà mi gbé wọn ró títí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja fi bá wa wá kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Mọ́mì tí ọtí kò kan ètè wọn rí láyé ni wọ́n ń pè ní ọ̀mùtí. Etí ọ̀tún wọn mú dáadáa, wọ́n sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nílé, wọn kò jẹ́ kí n bọ́ ìró náà lára àwọn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa ń tẹ́ dáadáa yẹn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn.

“A óò padà lọ bá dókítà yẹn,” ni wọ́n wí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Má sọ fún ọkọ rẹ. Tó bá gbọ́, bóyá yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá, bóyá kò sì ní wá. Mi ò fẹ́ mọ èyí tó máa ṣe nínú méjèèjì.”

Ẹni tó bá ti ní ọkọ yóò mọ ohun tí wọ́n gbé lé mi lórí. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní iwájú tíátà, ọkọ mi sì pè. Mo ní Mọ́mì ń sùn. Òótọ́ ni, oògùn oorun ló ń mú wọn sùn nínú yàrá kejì, wọ́n sì ń gbẹ́ eegun ẹ̀yìn etí wọn lọ́wọ́. Ó ní kí n bá òun kí wọn. Mo ní wọ́n á gbọ́.

Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yóò le, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í tó nǹkan. Òòyì tí a sá fún kó ara rẹ̀ jọ, ó sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Mọ́mì kò lè yí ọrùn. Tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á kérora. Bándéèjì yí orí wọn ká, ojú wọn sì ń fò sí apá kan ṣáá, ó ń fò, ó ń padà, bí nǹkan tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Mo rò pé iṣẹ́ abẹ náà ti bà wọ́n jẹ́. Mo jáde lọ sẹ́yìn wọ́ọ̀dù níbi tí ẹ̀rọ omi wà, mo ṣí i kó máa dà, mo sunkún. Mo ti yọ fóònù láti pe ọkọ mi. Mo tún dá a padà sínú báàgì. Nígbà tí mo padà, mo bá dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn létí ọ̀tún.

“Màmá, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín ni ọpọlọ yín ti ń gbọ́ ìròyìn láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan ti dákẹ́ lójijì. Ẹ jẹ́ kó kọ́ bí yóò ṣe máa gba ẹyọ kan gbọ́.”

Ó kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè jókòó, wọ́n lè dúró tí mo bá dì wọ́n mú, a sì padà sílé. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa yí orí sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n ṣe ń rìn, kódà bí èébì bá ń gbé wọn. Ojoojúmọ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, a máa ń rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ní iwájú tí mo ń rìn sẹ́yìn, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ mi. Wọ́n á ta gọ́ọ́gọ́ọ́, wọ́n á dúró, wọ́n á ní kí n jẹ́ ká tún lọ. Wọn kò gba ọ̀pá. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn mú láti bá wọn yí orí. Mi ò rò pé mo ti fọwọ́ kan ojú wọn rí ṣáájú ìgbà náà.

Ọjọ́ kan tí mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn, tí ojú wọn wà ní dídì, wọ́n ní, “Nígbà tí oyún yẹn bàjẹ́, o máa ń sunkún. Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá mi.”

Ọwọ́ mi dúró.

“Èmi náà pàdánù méjì kí n tó bí ọkọ rẹ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún ọ ni.” Wọ́n ṣí ojú. “Máa yí i lọ.”

Mo ń yí i lọ. Omijé tó dà lójú mi bọ́ sí wọn léjìká, wọn kò nù ún.

Ìpè fídíò tí Mọ́mì àti ọkọ mi jọ ń ṣe ló tú àṣírí wa. Irun kò tíì bo àpá ẹ̀yìn etí wọn, wọ́n sì yí ojú kúrò níwájú fóònù láti bá mi sọ̀rọ̀. Ọkọ mi rí i. Mọ́mì sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta bí ẹni tó ń ka ìkéde ìjọ. Kò bá wọn jà. Èmi ló pè lẹ́yìn náà. “Tí wọ́n bá kú síbẹ̀ ńkọ́? Kí lo fẹ́ wí fún mi?” Mo ní ìyá rẹ̀ ló ní kí n má sọ. Ó ní èmi ni òun fẹ́, kì í ṣe ìyá òun ni òun fẹ́, èmi ló yẹ kí n sọ fún òun. Ó lè jẹ́ pé ó tọ̀nà. Láti ìgbà náà ni ìpè rẹ̀ ti ń dín, tó wá di ti ìkíni, tó wá di ti ìbéèrè nípa oògùn Mọ́mì nìkan. Ẹnu mi kò gba ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà mọ́, òun náà kò sì mẹ́nu bà á.

Òòyì kò gbé Mọ́mì mọ́ láé. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, nítorí iṣẹ́ tí dókítà yẹn ṣe nìyẹn, ó sì ṣe é pé. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dìde dúró fún orin, èmi sì wà lápá òsì wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí ohùn ti ń wá mọ́. Tí ẹnìkan bá pè wọ́n lójú títì, wọ́n á máa wo gbogbo ibi bí ẹni tó sọnù. Tí iná bá lọ ní ìrọ̀lẹ́, ibi tí wọ́n bá wà ni wọ́n máa dúró sí títí mo fi máa tan àtùpà, nítorí ojú ló ń bá wọn di ara mú, tí ojú kò bá sì ríran, ẹsẹ̀ kò mọ ilẹ̀. Ohùn ọmọ wọn ní etí ọ̀tún kò sì di ohùn ilé títí dòpin. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ, wọ́n máa ń dáhùn, wọ́n á sì gbé fóònù kalẹ̀.

Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Wọ́n ti wà ní ilé ìwòsàn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, nígbà tí ọkọ mi dé. Láti pápákọ̀ òfurufú ló ti wá tààrà, bàgì rẹ̀ ṣì wà léjìká. Ó ti sanra, ewú ti wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kí mi bí èèyàn ṣe ń kí nọ́ọ̀sì. Àga wà lápá òsì bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló jókòó sí. Mọ́mì fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún lélẹ̀ lórí ìrọ̀rí, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ wà nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi ẹnu sún mọ́ etí tó wà lókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ “ẹ dárí jì mí.” Mo gbọ́ “mo rò pé àyè máa wà.” Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, omi imú àti omi ojú ń kán sórí àpá tí dókítà fi sílẹ̀ lẹ́yìn etí yẹn. Mi ò lè dá a dúró, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá dá a dúró, yóò mọ̀ pé gbogbo ohun tó ti sọ kò dé ibì kankan.

Nígbà tó sinmi láti nu ojú, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

“Apá kejì,” ni mo wí. “Òsì kò gbọ́.”

Ó wò mí. Mo rí i tó ń rántí, mo sì rí i tó ń mọ̀ pé òun ti gbàgbé. Mo rọra yí orí Mọ́mì, ó dìde, ó gba ìdí bẹ́ẹ̀dì kọjá sí apá ọ̀tún, ó kúnlẹ̀ nítorí pé kò sí àga níbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́ mọ́. Kò pẹ́ tó fi tán, ó kàn fi orí lé bẹ́ẹ̀dì. Mọ́mì kò ṣí ojú. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́. Wọ́n kú lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti ọkọ mi tú ká láìjà.

Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ abẹ náà yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tó rí Mọ́mì nínú ẹrẹ̀ ní Ìpọ̀nrí kò ní béèrè. Ohun tó ń bá mi sùn tó ń bá mi jí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọmọ wọn fẹ́ràn wọn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ó fò láti ìlú òyìnbó wá, ó sunkún bí ọmọdé. Kò kàn mọ apá tí yóò jókòó sí ni. Èmi tí wọn kò bí, tí wọ́n ń pè ní ìyàwó títí wọ́n fi kú, ilé náà kò fún mi ní ọmọ, kò sì fún mi ní ọkọ. Ṣùgbọ́n mo mọ apá tí ìyá náà fi ń gbọ́.